Ilẹ̀ Àgbéwá: Bí Koríko Ṣe Rí Ibi Dúró Lórí Amọ̀ Lọ́ńdọ̀nù

Kò sí oníṣẹ́ ọgbà kan ní gúúsù ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù tí kò mọ amọ̀ ibẹ̀ dunjú. Lásìkò òtútù, á lẹ̀ mọ́ bàtà, á lẹ̀ mọ́ ṣọ́bìrì, bárò kò sì ní lè yí lórí rẹ̀. Tí ooru oṣù Kẹjọ bá mú, á gbẹ, á sán, ọwọ́ ènìyàn á sì wọ ojú sísán náà dé ọrùn ọwọ́. Lókè, ó pọ́n rúsúrúsú. Bí a bá wà á jìnnà, á di aláwọ̀ eérú tó fẹ́ jọ aró. Iṣẹ́ mi ni láti sọ ẹ̀yìnkùlé tó kún fún irú amọ̀ yìí di ibi tí koríko ti lè tẹ́ rẹrẹ, tí òdòdó àti ẹ̀fọ́ ti lè ta gbòǹgbò. Ilẹ̀ dúdú ni mo fi ń ṣe é. Típà ló máa ń já a sí ẹnu ọ̀nà oníbàárà. Bí kò bá pọ̀, wọ́n á gbé e wá nínú àwọn àpò ńlá tí ẹ̀rọ nìkan lè gbé sọ̀.

Ìyá kan tó jẹ́ ọmọ Ìjẹ̀bú, tó ń gbé ní Abbey Wood, dúró tì mí bí mo ṣe ń kó ẹrù náà wọlé. Ó ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé ilẹ̀ náà ti di ohun tí wọ́n ń tà ní àpò ní ìlú yìí?" Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni mà. Ó ti di ẹrù tí wọ́n ń gbé kiri kí Gẹ̀ẹ́sì tó gba Èkó." Ó rẹ́rìn-ín, ó rò pé mo ń ṣàwàdà.

Kì í ṣe àwàdà. Ọdún 1861 ni Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó. Nígbà yẹn, àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù ti ń fi ọkọ̀ ojú omi àti kẹ̀kẹ́ ẹṣin gbé ilẹ̀ láti apá kan ìlú lọ sí apá kejì tipẹ́. Ẹni tó bá tọ ìtàn náà lẹ́sẹẹsẹ yóò rí i pé onílẹ̀ ni amọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, àlejò ni ilẹ̀ dúdú. Níbikíbi tí ọgbà bá ti dára nínú ìlú náà, ẹnì kan ló gbé ilẹ̀ wá, tàbí ẹ̀dá kan ló fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe é. Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹlòmíràn sì wà níbìkan tó pàdánù.

Amọ̀ ló kọ́kọ́ dé. Ní nǹkan bíi 50 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn, òkun ni ó bo ibi tí Lọ́ńdọ̀nù wà lónìí. Òkun ilẹ̀ olóoru ni, igbó sì wà létí rẹ̀. Ẹrẹ̀ kíkúnná tí odò ń wọ́ wá rọra ń sọ̀ kalẹ̀ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, ìpele lórí ìpele, títí ó fi di amọ̀ tó jìn tó mítà 100 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ní àwọn ibì kan. Ní erékùṣù Sheppey ní Kent, níbi tí omi òkun ti ń jẹ ẹsẹ̀ òkè amọ̀ yìí, àwọn ènìyàn ṣì ń ṣa èso ọ̀pẹ tó ti di òkúta. Ẹbí ọ̀pẹ nipa ni. Ẹni tó bá ti wọ ọkọ̀ ojú omi ní Niger Delta yóò mọ ọ̀pẹ yẹn: láti Singapore ni wọ́n ti gbé e wá sí Calabar ní 1906, ó sì ti ń lé àwọn igi etí omi tó bá níbẹ̀ kúrò. Ohun tí àwọn ará Delta ń bá jà lónìí ti so èso rí ní ẹnu ọ̀nà Lọ́ńdọ̀nù.

Amọ̀ náà kì í ṣe òtòṣì o. Oúnjẹ tí ohun ọ̀gbìn ń fẹ́ pọ̀ nínú rẹ̀. Kíkúnná rẹ̀ ló ń dá wàhálà sílẹ̀. Àyè tó wà láàárín ẹyọ kan sí èkejì kéré jù, omi kò ráyè kọjá, afẹ́fẹ́ kò ráyè wọlé, gbòǹgbò á sì rì sínú omi lásìkò òjò, á tún há sínú ohun líle lásìkò ooru. Nítorí èyí ni àwọn abúlé àtijọ́ tó di Lọ́ńdọ̀nù fi pọ̀ sí orí ilẹ̀ òkúta wẹẹrẹ létí odò Thames, níbi tí wọ́n ti lè gbẹ́ kànga. Ìgbà tí ilé iṣẹ́ omi bẹ̀rẹ̀ sí í fi páìpù gbé omi lọ káàkiri ni ilé wá rí àyè gun orí amọ̀.

Ẹni tó kọ́kọ́ rí owó ńlá nínú ilẹ̀ líle yìí, oníbíríkì ni. Ìyá ìyá mi ń mọ ìkòkò ní Ìlọrin, mo sì mọ bí ojú àwọn amọ̀kòkò ṣe máa ń dán tí wọ́n bá bá amọ̀ rere pàdé ní ibi tí olóko ti kọ̀ sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti àwọn oníbíríkì Lọ́ńdọ̀nù. Wọ́n á háyà pápá lọ́wọ́ onílẹ̀, wọ́n á ṣí ilẹ̀ dúdú tó wà lókè sápá kan, wọ́n á sì máa wa amọ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀. Wọ́n á pò ó mọ́ eérú èédú tí àwọn akólẹ̀ ń kó láti ilé dé ilé. Eérú náà ló ń jẹ́ kí iná wọ bíríkì dénú. Nínú irú bíríkì bẹ́ẹ̀, aláwọ̀ ìyeyè ẹlẹ́gbin, ni ọ̀pọ̀ ilé Lọ́ńdọ̀nù tí a ń wò lónìí ti jáde. Ìlú náà jẹ ilẹ̀ ara rẹ̀ láti fi kọ́ ara rẹ̀.

Ohun tó ṣẹ́ kù lẹ́yìn oníbíríkì ni ihò. Ní Notting Hill, ní àdúgbò tí wọ́n ń pè ní Potteries, àwọn ihò amọ̀ kún fún omi ìdọ̀tí àti ìgbẹ́ ẹlẹ́dẹ̀, ọ̀kan sì tóbi débi pé wọ́n sọ ọ́ ní Òkun. Iléèru kan tí wọ́n fi ń sun amọ̀ nígbà náà ṣì dúró ní Walmer Road, láàárín àwọn ilé olówó. Ní ibòmíràn, ẹni tó kọ́lé yóò da àjákù bíríkì, ẹfun ìkọ́lé àti amọ̀ pọ̀ sí ẹ̀yìnkùlé, yóò sì kọjá lọ. Mo ṣì ń wà wọ́n jáde.

Láàárín ọdún 1820 sí 1830, Thomas Cubitt, ọmọ Norfolk tó bẹ̀rẹ̀ ayé rẹ̀ bíi káfíńtà, gba àbàtà kan lọ́wọ́ ìdílé Grosvenor. Five Fields ni orúkọ rẹ̀. Ilẹ̀ tútù ni, kò sẹ́ni tó fẹ́ kọ́lé síbẹ̀. Cubitt wa amọ̀ rẹ̀, ó sun ún ní bíríkì, ó sì bá òkúta wẹẹrẹ tó le nísàlẹ̀. Ihò wá kù tí wọ́n gbọ́dọ̀ dí. Lásìkò yẹn gan-an ni wọ́n ń gbẹ́ èbúté St Katharine nítòsí Tower of London, èyí tó ṣí ní 1828. Ilẹ̀ tí wọ́n wà níbẹ̀ ni wọ́n fi ọkọ̀ ojú omi gbé gba orí Thames wá fún Cubitt. Orí rẹ̀ ni Belgravia dúró sí, àdúgbò tí owó ilé rẹ̀ ń dẹ́rù bani títí dòní.

Kí wọ́n tó lè gbẹ́ èbúté náà, wọ́n wó ilé àwọn tó lé ní 11,000 ènìyàn. Tálákà ni wọ́n, ayálégbé sì ni ọ̀pọ̀ wọn, ẹnikẹ́ni kò sì san owó gbà-má-bínú fún ayálégbé. Mo ti ṣiṣẹ́ ní ọgbà kan ní Belgravia rí. Koríko ibẹ̀ dùn ún wò. Ṣùgbọ́n n kò lè fi ṣọ́bìrì gún ilẹ̀ náà kí n má rántí pé abẹ́ ilé ẹlòmíràn ló ti wá.

Ọgbà Battersea, tó ṣí fún gbogbo ènìyàn ní 1858, rìn ní ọ̀nà kan náà. Àbàtà ni Battersea Fields jẹ́ tẹ́lẹ̀, odò a sì máa bò ó. Ilẹ̀ tí wọ́n wà nígbà tí wọ́n ń gbẹ́ èbúté Victoria ni wọ́n kó wá gbé e ga. Èbúté lápá ìlà-oòrùn, ọgbà lápá ìwọ̀-oòrùn: ohun tí ọwọ́ kan ń gbẹ́ ni ọwọ́ kejì ń tẹ́.

Àmọ́ ilẹ̀ tí wọ́n wà nínú ihò kì í ṣe ilẹ̀ ọlọ́ràá. Ohun tó ń fún un ní ọ̀rá tún ní àwọn tó ń gbé e. Ní Fulham, ní Deptford, ní Neat Houses ní Pimlico, àwọn olóko ẹ̀fọ́ ń kó kábéèjì àti kúkúḿbà wọ ìlú lóru, kẹ̀kẹ́ wọn kì í sì í padà lófìfo. Ìgbẹ́ ẹṣin ni wọ́n ń gbé bọ̀. Ìgbẹ́ ènìyàn náà wà níbẹ̀, nítorí Lọ́ńdọ̀nù ní agbépòó tirẹ̀. Àwọn àgbàlagbà wa ní Èkó kò ní gbàgbé àwọn tó ń fi òru gbé garawa, tí ọmọdé kò gbọ́dọ̀ fi ṣe ẹlẹ́yà. Iṣẹ́ kan náà ni. Òru ni ti Lọ́ńdọ̀nù náà máa ń jáde, oko ni ẹrù wọn sì ń lọ. Ajílẹ̀ yìí, lọ́dọọdún, láti ìran dé ìran, ló sọ àwọn oko wọ̀nyẹn di ilẹ̀ dúdú kírakíra. Ní Neat Houses, wọ́n ń gbin mẹ́lọ́ọ̀nù sórí ìgbẹ́ ẹṣin tó ń gbóná, wọ́n á sì fi gíláàsì bò ó.

Nígbà tó yá, ilé dé. Cubitt yìí kan náà ló kọ́ Pimlico bo àwọn oko Neat Houses mọ́lẹ̀. Ní 1858, òórùn Thames le débi pé àwọn aṣòfin kò lè jókòó nínú ilé ìgbìmọ̀. Joseph Bazalgette bá ṣe ojú gọ́tà abẹ́ ilẹ̀ tó ń gbá ìgbẹ́ ìlú lọ sí ìsàlẹ̀ odò. Ara ìlú le sí i, àìsàn onígbáméjì sì lọ, ṣùgbọ́n oúnjẹ ilẹ̀ ti bá omi lọ. Ìgbẹ́ ẹṣin nìkan ló kù fún oníṣẹ́ ọgbà, títí mọ́tò fi lé ẹṣin náà kúrò ní títì.

Nígbà ayé Cubitt yìí náà ni koríko fífá di ohun tí olówó kékeré lè ní. Tẹ́lẹ̀, àgùntàn ló ń jẹ koríko ilé ńlá kúrú, tàbí kí àwọn ọkùnrin fi dòjé ọlọ́wọ́ gígùn gé e ní òwúrọ̀ kí ìrì tó gbẹ. Ní 1830, Edwin Budding, oníṣẹ́ ẹ̀rọ ní Stroud, gba ìwé ẹ̀tọ́ fún ẹ̀rọ ìgékoríko. Inú ẹ̀rọ tó ń rẹ́ irun ojú aṣọ ní ilé iṣẹ́ aṣọ ló ti rí ọgbọ́n rẹ̀. Ní 1838, John Claudius Loudon, tó ń gbé ní Bayswater, tẹ ìwé jáde fún àwọn tó ní ilé pẹ̀lú ọgbà kékeré ní ẹ̀yìn ìlú. Akọ̀wé báńkì àti oníṣòwò wá ń fẹ́ koríko bíi ti ìjòyè. Amọ̀ sì ni ọ̀pọ̀ wọn kọ́lé lé. Wọ́n á gé koríko tòun ti ilẹ̀ ìdí rẹ̀ láti pápá màlúù, wọ́n á ká a bí ẹní, wọ́n á fi kẹ̀kẹ́ gbé e wá tẹ́. Pápá kan pá kí ọgbà kan lè tutù.

Ọkùnrin tó mọ̀ nípa bí ilẹ̀ dúdú ṣe ń wáyé ju gbogbo wọn lọ ń gbé ní Downe, tó jẹ́ ara Bromley lónìí. Charles Darwin ni. Ní 1842 ló kó dé Down House, ilé tó wà lórí amọ̀ pupa líle tó kún fún òkúta. Ní oṣù Kejìlá ọdún náà, wọ́n da ẹfun wẹ́wẹ́ sí apá kan pápá kan nítòsí ilé rẹ̀. Darwin kò fọwọ́ kàn án. Ní oṣù Kọkànlá 1871, lẹ́yìn ọdún 29, ó ní kí wọ́n gbẹ́ kòtò gba àárín rẹ̀. Ẹfun náà hàn bí ìlà funfun kan, ínṣì 7 lábẹ́ koríko. Ẹfun náà kò dédé rì. Ekòló ni wọ́n ń jẹ ilẹ̀ nísàlẹ̀, tí wọ́n sì ń yà á sókè díẹ̀díẹ̀, tí ilẹ̀ kíkúnná sì ń ga bo ẹfun náà. Bí a bá pín in, ínṣì kan ni láàárín nǹkan bí ọdún mẹ́rin.

Ní 1881, ọdún tó ṣáájú ikú rẹ̀, ó tẹ ìwé jáde lórí ekòló. Ó ṣírò pé ní ọ̀pọ̀ ibi nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ilẹ̀ tó ń gba inú ekòló kọjá lórí éékà kan lé ní tọ́ọ̀nù 10 lọ́dún. Ó ní kí ọmọ rẹ̀ fun fèrè sí wọn, kí ìyàwó rẹ̀ tẹ dùùrù fún wọn, láti mọ̀ bóyá wọ́n ń gbọ́ràn. Wọn kò gbọ́. Ṣùgbọ́n tí a bá gbé ìkòkò wọn lé orí dùùrù, tí ohùn náà gbọ̀n wọ́n, kíá ni wọ́n á sá wọ ihò. Àwọn aládùúgbò lè fi í rẹ́rìn-ín. Ọmọ Yorùbá tó ti gbọ́ pé ekòló tó bá júbà ilẹ̀ ni ilẹ̀ ń lanu fún kò ní bá wọn rẹ́rìn-ín.

Ogun dé, koríko sì sọ̀rètí nù. Láti 1939, ìjọba ní kí gbogbo ènìyàn máa gbin oúnjẹ; wọ́n hú koríko, wọ́n gbin ànàmọ́ àti kábéèjì, kódà sínú yàrà tó yí Tower of London ká. Bọ́ǹbù wó ilé, wọ́n sì kó òkìtì àlàpà lọ tẹ́ Hackney Marshes, ibi tí wọ́n ti ń gbá bọ́ọ̀lù lónìí. Lẹ́yìn ogun, ilé tuntun ń jáde káàkiri, ẹ̀yìn ilé kọ̀ọ̀kan sì ń fẹ́ ilẹ̀. Àwọn tó ní oko nítòsí ìlú rí i pé ẹni tó bá ta ojú ilẹ̀ rẹ̀ lè rí owó kíákíá. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ìgbà kan ṣoṣo ni ènìyàn lè kórè irú èyí.

Ní 1953, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe òfin kan lórí rẹ̀. Ó sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ kí ènìyàn kó ojú ilẹ̀ oko láti tà á láìgba àṣẹ, bí ohun tó kó láàárín oṣù mẹ́ta bá ti ju kúbíìkì yáàdì 5 lọ. Ìyẹn kò tó kúbíìkì mítà 4. Ọkọ̀ típà ńlá kan ń gbé jù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Òfin kékeré ni, agbára káká lẹ máa fi rí olùtajà tó mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n mo fẹ́ràn rẹ̀ ju ọ̀pọ̀ òfin ńlá lọ, nítorí ó bi olùtajà ní ìbéèrè tí oníbàárà kì í bi í: níbo lo ti rí i? Ní 1965 ni ìwọ̀n ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń pè ní BS 3882 tẹ̀ lé e, èyí tó ń sọ irú ilẹ̀ tó yẹ kí ènìyàn pè ní ilẹ̀ dúdú. Wọ́n ti tún un ṣe léraléra. Ti 2015 la ń lò báyìí. Ẹni tó bá ń ta ilẹ̀ gidi á fún yín ní ìwé àyẹ̀wò rẹ̀ láìjanpata.

Mo máa ń rí gbogbo ìtàn yìí papọ̀ ní Thamesmead. Àbàtà etí odò ni, tí ilé iṣẹ́ ohun ìjà ìjọba ń lò tẹ́lẹ̀, kí ìjọba Lọ́ńdọ̀nù tó kọ́ ìlú tuntun síbẹ̀. Ní 1968 ni àwọn àkọ́kọ́ kó wọlé. Lónìí, tí ènìyàn bá ń rìn níbẹ̀ ní ọjọ́ Sátidé, Yorùbá ni yóò máa gbọ́. Nígbà ooru, ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ a máa yọrí lókè ọgbà. Àwọn ìyá wa a máa ránṣẹ́ sí mi pé: "Bàbá Kúnlé, ẹ wá bá mi wo ilẹ̀ yìí o, omi kò lọ." Mo bá dé ibẹ̀, mo bá ilẹ̀ dúdú dáadáa lókè tí ẹnì kan ti tà fún wọn, koríko sì ti pọ́n.

Ohun tó fà á ni pé wọ́n da ilẹ̀ náà lé amọ̀ láìkọ́kọ́ tú amọ̀. Omi òjò á gba inú ilẹ̀ dúdú kọjá wéré, á bá ojú amọ̀ tí ẹ̀yìn ṣọ́bìrì ti dán bí àwo, á sì dúró síbẹ̀. Gbòǹgbò náà á dúró síbẹ̀. Nítorí náà, ìgbà tí amọ̀ kò tutù jù, tí kò sì gbẹ jù, ni mo ń bẹ̀rẹ̀. Ìgbà ìwọ́wé ló dára jù. Mo máa ń fi fọ́ọ̀kì tú ojú amọ̀, mo máa ń da ajílẹ̀ tó ti jẹrà sí i, mo sì máa ń po ilẹ̀ dúdú àkọ́kọ́ mọ́ ọn, kí ààlà má baà sí láàárín àwọn méjèèjì. Lẹ́yìn náà ni ìyókù á gùn ún. Fún koríko, sẹ̀ǹtímítà 15 tó: ẹ̀yìnkùlé tó gùn ní mítà 10, tó fẹ̀ ní mítà 6, yóò gba kúbíìkì mítà 9. Fún òdòdó àti ẹ̀fọ́, ó yẹ kó jìn tó ìlọ́po méjì. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tan yín pé iyanrìn díẹ̀ ni oògùn amọ̀. Iyanrìn díẹ̀ nínú amọ̀, bí ẹni ń po ohun ìkọ́lé ni.

Ọ̀pọ̀ ilẹ̀ tí a ń rà lónìí, ibi tí wọ́n ti ń kọ́lé ni wọ́n ti ṣí i, tàbí kí wọ́n sẹ́ ẹ, kí wọ́n sì pò ó mọ́ ajílẹ̀ tí wọ́n fi ewé àti ẹ̀ka ìlú ṣe. Wọ́n á bó pápá kan ní Kent tàbí Essex láti kọ́ ilé tuntun, ilẹ̀ rẹ̀ á wá sí Lọ́ńdọ̀nù. Ọdún kejì, ẹni tó ra ilé tuntun náà á rí i pé amọ̀ ni wọ́n fi sílẹ̀ fún òun, á sì pe típà. Ohun tí Five Fields bẹ̀rẹ̀ kò tíì parí.

Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ fún àwọn oníbàárà mi pé kí wọ́n ra ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré, kí wọ́n béèrè ibi tó ti wá, lẹ́yìn náà kí wọ́n máa da ajílẹ̀ àti ewé jíjẹrà sórí rẹ̀ lọ́dọọdún, kí ekòló lè máa wọ́ ọ lọ sínú amọ̀. Bí gbogbo wọn bá gbọ́ràn, ọjà mi á dín kù, mo sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí ekòló ń ṣe kò gba típà, kò sì bó pápá ẹnikẹ́ni.